Ọ̀gá lọ sẹ́jọ́ ní Àkúrẹ́, oníbàárà ní kí n bá òun kọ ágírímẹ́ǹtì ilẹ̀ ní kọ̀rọ̀

Akọ̀wé_Ìyágankú:
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló wà lọ́rùn mi, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọ́fíìsì lọ́yà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Èmi ni mò ń tẹ ìwé, èmi ni mò ń gbé e lọ sí kóòtù, èmi ni mo mọ bélífù tó máa ń tètè fi ìwé jíṣẹ́. Ká sọ òótọ́, ágírímẹ́ǹtì ilẹ̀ tó ń jáde ní ọ́fíìsì wa, èmi ni mò ń kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ọ̀gá á kà á, á fi bírò pupa tọ́ ibi kan tàbí méjì, á fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá ti lọ sẹ́jọ́ kan ní Àkúrẹ́. Bàbá kan tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Mọ́níyà wá bá mi lánàá, ó ní àwọn tó ń tà á ń kánjú, pé ẹlòmíì ti ń fowó lọ̀ wọ́n. Ó ní kí n ṣáà bá òun kọ ọ́ nílé, òun á fún mi ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà, kó má ṣe dé ọ́fíìsì. Òǹtẹ̀ ọ̀gá, ìyẹn àwọn sítíkà NBA, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí àsìkò rẹ̀ máa pé sí lára, wà nínú dúrọ́ọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Mi ò tíì dá bàbá lóhùn. Kí lẹ rí sí i?

Agbẹjọ́rò_ÒkèMósàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Ohun méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yín tí àwọn èèyàn máa ń lù pọ̀. Ìpín 22 nínú Legal Practitioners Act, òfin tó dá iṣẹ́ wa sílẹ̀, sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà gbowó, tàbí kó máa retí owó, kó wá kọ ìwé tó jẹ mọ́ ilẹ̀ tàbí ilé, tàbí ìwé tí wọ́n fẹ́ fi gba àṣẹ lórí ogún olóògbé. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè gbé èèyàn lọ sí kóòtù lé lórí ni o. Àmọ́ ìpín kan náà yìí ló yọ akọ̀wé lọ́yà sílẹ̀: bó bá jẹ́ pé lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀gá yín gbà yín sí lẹ ti kọ ọ́, tó jẹ́ owó oṣù yín lẹ ń gbà, òfin ò bá yín wí. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ ti ń kọ bọ̀ wà lábẹ́ ìyẹn. Èyí tí bàbá ní kẹ́ ẹ kọ nílé, tí ọ̀gá ò mọ̀, ò sí lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì, ibi tí owó gbà wọlé ló yàtọ̀.

Ní ti sítíkà, ẹ má wulẹ̀ fọwọ́ kàn án. Bẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tí ẹni tó lorúkọ ara rẹ̀ ò rí rí, ayédèrú nìyẹn.

Àjẹ́ńtì_Mowé:
Lọ́yà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ mélòó ni wọ́n ti tà ní Mowé, ní Ìbafo, ní Ṣìmáwà tí lọ́yà ò tẹsẹ̀ débẹ̀? Ìwé yẹn wà nínú fóònù gbogbo wa. A ó yí orúkọ, a ó yí ìwọ̀n ilẹ̀, a ó gbé e fún lọ́yà kan kó bá wa fọwọ́ sí i, a ó sì fún un ní nǹkan. Lọ́yà náà kì í ṣí ojú ìwé kejì gan-an. Ta ló wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ẹ bi ẹni tó háyà yàrá kan l'Ékòó léèrè iye tó san fún ágírímẹ́ǹtì tí kò ju ojú ìwé méjì lọ, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ará ìlú ni òfin yẹn ń dáàbò bò.

Agbẹjọ́rò_ÒkèMósàn:
Àjẹ́ńtì, ẹ ti tú wa fó lójú gbogbo ayé. Lọ́yà tó ń bá yín fọwọ́ síwèé yẹn, ewu tó wà lórí ẹ̀ ju tiyín lọ. A ní àwọn ìlànà ìwà, wọ́n ṣe é ní 2007, wọ́n sì tún un ṣe ní 2023. Ìlànà kẹta nínú ti 2007 sọ ọ́ gbangba: lọ́yà kò gbọdọ̀ gbowó kó wá forúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ìwé tí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà kọ, bí ẹni pé òun ló kọ ọ́. Kò sì gbọdọ̀ bá ẹni tí kì í ṣe lọ́yà pín owó iṣẹ́ òfin. Mi ò ní bo ẹnikẹ́ni: àwọn tó ń ta ìbuwọ́lùwé bí ẹni ta búrẹ́dì ń bẹ láàárín wa. Bí ẹjọ́ wọn bá dé LPDC, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwàkiwà àwọn agbẹjọ́rò, wọ́n lè kìlọ̀ fún wọn, wọ́n lè dá wọn dúró fún sáà kan, wọ́n sì lè ní kí wọ́n pa orúkọ wọn rẹ́ kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò pátápátá.

Bàbá_Rẹ́jísírà:
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ rẹ́jísírà kóòtù, ẹni tó ń bójú tó ìwé ẹjọ́, ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé, mo mọ irú yín dáadáa. Àwọn lọ́yà kéékèèké máa ń wá sọ́dọ̀ yín wá bèèrè irú fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa lò, kí wọ́n tó lọ fẹnu kọ níwájú adájọ́.

Kẹ́ ẹ má rò pé òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. L'Ékòó ayé òyìnbó, lẹ́yìn òfin ilé ẹjọ́ ti 1876, lọ́yà tó kẹ́kọ̀ọ́ ò tó nǹkan. Ìjọba bá ń fún àwọn tó mọ̀wé díẹ̀ láṣẹ láti máa rojọ́ fún aráàlú. Ẹni tó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí wà lára wọn. Christopher Sapara Williams, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti Ìjẹ̀ṣà wá, ló kọ́kọ́ di lọ́yà nínú ọmọ Nàìjíríà. Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n ti sọ ọ́ di lọ́yà ní 1879, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó ní 1888. Bí àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí ṣe ń pọ̀ ni àyè ń fún mọ́ àwọn yòókù, títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Nítorí náà, Àjẹ́ńtì ò parọ́ tán pé ọ̀rọ̀ ikùn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi akọ̀wé ní ìbéèrè kan. Ta àti ta ló fẹ́ fọwọ́ síwèé fún ẹbí tó ni ilẹ̀?

Akọ̀wé_Ìyágankú:
Ẹ ṣé, bàbá. Àwọn ọmọkùnrin méjì ló wá, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Wọ́n ní mọ́gàjí ẹbí ti dàgbà, kì í jáde mọ́, pé àwọn á sọ fún un tó bá yá.

Bàbá_Rẹ́jísírà:
Mo ti fura! Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, kì í ṣe lórí sítíkà.

Òfin ilẹ̀ ẹbí rọrùn, àwọn èèyàn ni kì í fẹ́ gbọ́. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró, àyàfi bí wọ́n bá tètè lọ sí kóòtù láti fagi lé e. Bó bá wá jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹbí ló tà á tí olórí ẹbí ò sí níbẹ̀, wọn ò ta nǹkan kan. Òfo ni. Ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, 1959, gbogbo lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ní Ìbàdàn, mọ́gàjí ni olórí ẹbí.

Mo rí ọkùnrin kan ní kóòtù nígbà kan tó gbé ágírímẹ́ǹtì rẹ̀ wá, ó ti fi ike bò ó kí òjò má ba à pa á. Ó tò ó sórí tábìlì, ó ń fọwọ́ ra á. Adájọ́ gbà á, ó ṣí i síbi ìbuwọ́lùwé, ó bojú wo orúkọ mẹ́ta tó wà níbẹ̀, ó ní, “Ta ni mọ́gàjí nínú àwọn yìí?” Ọkùnrin yẹn wo lọ́yà rẹ̀, lọ́yà wo ìwé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ ilé lásán ni wọ́n. Ilé ti dé ibi òrùlé lórí ilẹ̀ náà o. Ẹni tó bá a kọ ìwé, a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ títí ẹjọ́ fi parí, torí kò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀.

Òmíì tún wà. Bí mọ́gàjí ò bá mọ̀wé, òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò kàwé ní kí ẹni tó bá a kọ ìwé kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀, kí ìwé náà sì fi hàn pé wọ́n kà á fún un, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ kó tó tẹ̀ka. Akọ̀wé, orúkọ ta lẹ fẹ́ kọ síbẹ̀?

Wáyọ_Kékeré:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ChatGPT ò sí ni? Kí bàbá mú fóònù rẹ̀ jáde, kó sọ pé “kọ ágírímẹ́ǹtì ilẹ̀ fún mi”, ó parí. Akọ̀wé ò kọ nǹkan kan, lọ́yà ò kọ nǹkan kan, ta ni wọ́n máa mú?

Àdùkẹ́_Houston:
Ọmọ mi, mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣé o gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn lọ́yà méjì ní New York ní 2023? Ẹjọ́ Mata àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca ni. Ọ̀kan nínú wọn lo ChatGPT láti wá àwọn ẹjọ́ àtẹ̀yìnwá, ẹ̀rọ náà sì hùmọ̀ àwọn ẹjọ́ tí kò sí rí fúnra rẹ̀, tòun ti orúkọ àti nọ́ńbà. Wọ́n kó o fún kóòtù. Adájọ́ Castel ní kí wọ́n san ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là. Ó ní kò sóhun tó burú nínú kí lọ́yà lo ẹ̀rọ, pé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Pàrálígà, ìyẹn ẹni tó ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́ tí kì í ṣe lọ́yà, ni èmi níbí, ọ́fíìsì tó ń ṣe ẹjọ́ ìjàǹbá ọkọ̀ ni mo wà. Àwọn ìlànà àwòkọ́ṣe tí ẹgbẹ́ lọ́yà Amẹ́ríkà, ABA, ṣe sọ̀rọ̀ àwa tí a kì í ṣe lọ́yà ní ìlànà 5.3. Bí mo bá ṣe ohun tí lọ́yà ò gbọdọ̀ ṣe, tí ọ̀gá mi mọ̀ tí kò dí i lọ́nà nígbà tó ṣì lè dí i, ẹ̀ṣẹ̀ dé ọrùn rẹ̀. Mo lè kọ lẹ́tà, mo lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀, mo lè to fáìlì. Ṣùgbọ́n tó bá bi mí pé “Ṣé kí n gba owó tí insọ́ráǹsì fi lọ̀ mí yìí?”, mi ò lè dáhùn. Mo máa ń sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí n pe lọ́yà yín.” Àwọn Yorùbá tó ń wá sọ́dọ̀ wa kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Wọ́n á ní, “Àdùkẹ́, sọ fún mi jàre, o ti mọ̀ ọ́n!” Ó máa ń ṣòro láti fún ẹni tó jù ọ́ lọ lésì bẹ́ẹ̀, ó ń dà bí àrífín.

Ìyá_Sakí:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí akọ̀wé lọ́yà ló gbà mí. Ìjọba gba ilẹ̀ bàbá wa láti ṣe títì, owó gbà-má-bínú sì wà. A gbé ẹjọ́ fún lọ́yà kan. Bí a bá pè é, “Ẹ máa gbàdúrà, ọ̀rọ̀ ń lọ.” A gbàdúrà títí. Ọjọ́ kan ni akọ̀wé rẹ̀ fà mí sẹ́yìn ọ́fíìsì, ó sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “Mọ̀mí, ẹ lọ bèèrè ní mínísírì bóyá wọ́n ti san án.” Mo lọ. Wọ́n ti san án tipẹ́, orúkọ lọ́yà ló wà lórí ṣẹ́ẹ̀kì. Ṣé akọ̀wé yẹn ṣẹ̀ sí òfin? Torí lọ́yà náà yarí, ó ní ó ti tú àṣírí ọ́fíìsì.

Agbẹjọ́rò_ÒkèMósàn:
Mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ dáhùn èyí dáadáa, torí ó kan akọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Òótọ́ ni pé àṣírí wà. Evidence Act ti 2011, ìpín 192, ní lọ́yà ò gbọdọ̀ sọ ohun tí oníbàárà bá a sọ nítorí iṣẹ́ rẹ̀, àyàfi tí oníbàárà bá yọ̀ǹda. Ìpín 193 sì fi akọ̀wé lọ́yà àti ògbufọ̀ kún un. Nítorí náà, akọ̀wé tó gbọ́ ẹjọ́ ọkọ àti ìyàwó ní ọ́fíìsì, tó wá lọ ń sọ ọ́ níbi ẹmu, òfin ò dá a sí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ni àṣírí? Oníbàárà ló ni ín, kì í ṣe lọ́yà. Ẹ̀yin, mà, lẹ jẹ́ oníbàárà. Kò sí ẹni tó lè tú àṣírí yín fún ẹ̀yin fúnra yín. Lọ́yà yẹn ló rú òfin. Àwọn òfin owó oníbàárà ti wà láti 1964: lọ́yà gbọ́dọ̀ ya àkáǹtì oníbàárà sọ́tọ̀ sí ti ara rẹ̀, kó má ṣe lù wọ́n pọ̀. Ìlànà ìwà wa tún ní kó tètè sọ fún oníbàárà tí owó bá dé, kó sì ṣe ìṣirò rẹ̀ fún un. Kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi san owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, kó ní òun á dá a padà. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀, ẹ so ẹ̀dà ìwé tí mínísírì fún yín mọ́ ọn, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka NBA tó wà nítòsí yín, kẹ́ ẹ bèèrè ọ̀nà tó dé LPDC.

Ìyá_Sakí:
Ẹ ṣeun gan-an, lọ́yà. Ìwé náà wà nínú àpótí mi.

Akọ̀wé_Ìyágankú:
Ẹ ṣeun o. Nǹkan míì wá sí mi lọ́kàn. Nígbà míì tí ọ̀gá bá wà lójú ọ̀nà, tí ọjọ́ ti fẹ́ kọjá, á ní kí n fi orúkọ ọ́fíìsì fọwọ́ sí ìwé ẹjọ́ kí n gbé e lọ. Ṣé ìyẹn náà burú?

Agbẹjọ́rò_ÒkèMósàn:
Háà! Ẹ sọ fún ọ̀gá kó lọ tún ẹjọ́ Okafor àti Nweke kà. Ní 2007 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé ìwé ẹjọ́ tí wọ́n fi orúkọ ọ́fíìsì lọ́yà fọwọ́ sí kò já mọ́ nǹkan kan. Orúkọ tó wà lábẹ́ ìwé jẹ́ orúkọ SAN kan, ìyẹn àgbà lọ́yà, tí wọ́n fi “& Co.” kún, ṣùgbọ́n “& Co.” kì í ṣe èèyàn, kò sì sí nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nìkan ló lè fọwọ́ síwèé ẹjọ́. Ìwé tí kò ní sítíkà, wọ́n ṣì lè gbà kí èèyàn lọ tún un ṣe. Ẹjọ́ Yaki àti Bagudu ti 2015 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹni tí kò yẹ fọwọ́ sí, ó ti kú. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i, ẹjọ́ oníbàárà lẹ pa yẹn, ẹjọ́ tó lè ti pẹ́ ọdún mẹ́jọ.

Àjẹ́ńtì_Mowé:
Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́gàjí yẹn tiẹ̀ wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Ẹni tó ń ra ìdajì púlọ́ọ̀tì, tó ń san án díẹ̀díẹ̀, níbo ló ti máa rí owó lọ́yà? Lọ́yà kan náà á gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, á tún gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń rà. Ìyẹn ńkọ́, ṣé ìlànà ìwà yín gbà á?

Agbẹjọ́rò_ÒkèMósàn:
Kò yẹ kó ṣojú àwọn méjèèjì láìsọ fún wọn, kí wọ́n sì gbà. Àǹfààní wọn ò dọ́gba: ẹni tó ń tà fẹ́ kí owó tètè wọlé, ẹni tó ń rà fẹ́ kí wọ́n wádìí ilẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Tí n bá jẹ́ ẹni tó ń rà, lọ́yà tí ẹbí mú wá ò ní jẹ́ lọ́yà mi.

Ní ti owó, ọ̀rọ̀ yín ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, mi ò ní jiyàn.

Àdùkẹ́_Houston:
Ní Nàìjíríà, ṣé kò sí àyè kankan fún akọ̀wé bíi tirẹ̀ láti ṣiṣẹ́ pàrálígà ní gbangba?

Agbẹjọ́rò_ÒkèMósàn:
Ó wà. Legal Aid Act ti 2011, ìpín 17, fún Legal Aid Council láṣẹ láti fún àwọn tó gba ẹ̀kọ́ pàrálígà níwèé àṣẹ. Iṣẹ́ àwọn aláìní ni o, kì í ṣe ti owó ńlá: kí wọ́n lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá bá wọn sọ pé ọ̀fẹ́ ni bélì, kí wọ́n bá ẹni tó wà látìmọ́lé kàn sí ẹbí rẹ̀, kí wọ́n wá lọ́yà fún un. Ká sọ tòótọ́, akọ̀wé tó mọ kóòtù bíi tiyín á wúlò níbẹ̀ ju lọ́yà sàájì-áńdì-bélì kan, tó ń wá oníbàárà kiri, tó dúró sẹ́nu géètì kóòtù lọ. Ṣùgbọ́n kò kan ágírímẹ́ǹtì ilẹ̀.

Akọ̀wé_Ìyágankú:
Ẹ̀yin àgbà, mo ti pe ọ̀gá ní Àkúrẹ́. Mi ò sọ nípa ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta, mo kàn ní oníbàárà kan wà fún ilẹ̀ Mọ́níyà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀: “Mọ́gàjí wọn ńkọ́?” Mo rẹ́rìn-ín sínú, mo rántí Bàbá Rẹ́jísírà. Ìkejì: “Wọ́n ní sọfé?”, ìyẹn ìwé àwòrán tí wọ́n fi wọn ilẹ̀. Ó ní òun á lọ bá mọ́gàjí nílé tóun bá dé, àga ni wọ́n máa gbé fún un, kò nílò kó jáde.

Mo sọ fún bàbá. Inú rẹ̀ ò dùn. Ó ní ẹnì kan ní Dùgbẹ̀ á bá òun kọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ó bá pa mí tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ó tún padà wá, pẹ̀lú ẹ̀dà sọfé nínú àpò ọ̀rá dúdú. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ò gbé fóònù wọn mọ́ látìgbà tó ti dárúkọ mọ́gàjí fún wọn.

Ọ̀gá ní kí n mú sọfé yẹn lọ sí ọ́fíìsì Sọféyọ̀ Jẹ́nẹ́ra lọ́la, kí n wò ó bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Bàbá, ṣé Sẹkitéríàtì ní Agodi náà ni?

Bàbá_Rẹ́jísírà:
Ibẹ̀ náà ni. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀. Ẹ gba rìsíìtì fún owó tẹ́ ẹ bá san, ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó ní kọ́rídọ̀.